Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Kan Ṣoṣo: Ẹjọ́ Kórà àti Mósè Nínú Aginjù

Ìjọ kan wà tí mi ò ní dárúkọ. Níbi ìpàdé ọdọọdún wọn, arákùnrin kan dìde, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ ka ìṣirò owó ilé ìjọsìn tí wọ́n ti ń dá láti ọdún mẹ́ta sétí ìjọ. Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Èsì tó gbà láti orí pẹpẹ ni pé, "Ẹ rántí Kórà o! Ilẹ̀ ló lanu gbé e mì." Gbogbo ilé pa lọ́lọ́, arákùnrin náà rọra jókòó, wọ́n sì dá orin.

Mo délé lọ́jọ́ náà, mo ṣí Númérì orí 16, níbi tí ìtàn Kórà tó dìtẹ̀ sí Mósè àti Áárónì wà. Mo kà á tán, mo tún ka 17 àti 18, torí pé ìtàn náà kò parí síbi tí àwọn oníwàásù máa ń já a sí. Ohun tí mo bá níbẹ̀ yà mí lẹ́nu. Mósè tí wọ́n ń bá du ipò nínú ìtàn yìí ló ṣírò ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í, ilẹ̀ kò sì tíì lanu nígbà náà. Áárónì tí wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ àlùfáà lọ́wọ́ rẹ̀ ló sì sáré wọ àárín àjàkálẹ̀ àrùn lọ gba àwọn tó ń kùn sí i là. Bí a bá máa fi Kórà dẹ́rù ba èèyàn, ó yẹ ká gbé gbogbo ẹjọ́ náà kalẹ̀, láti ìdí ọ̀rọ̀ dé ibi tó já sí.

Ta ni ta nínú ọ̀rọ̀ yìí

Ará ìlú ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn amí méjìlá ti Kénáánì dé. Ogójì ọjọ́ ni wọ́n fi rin ilẹ̀ náà já, ṣírí èso àjàrà kan tí wọ́n gé bọ̀, ọkùnrin méjì ló fi ọ̀pá rù ú. Ṣùgbọ́n mẹ́wàá nínú wọn ní àwọn òmìrán tó wà níbẹ̀ kò ṣe é bá jà. Ìlú sunkún mọ́jú. Ìdájọ́ tó tẹ̀lé ẹkún náà ni pé ọjọ́ kan á di ọdún kan: ogójì ọdún nínú aginjù, àti pé gbogbo ẹni tí wọ́n kà sínú ìwé láti ọmọ ogún ọdún sókè ni yóò kú síbẹ̀, àfi Kálẹ́bù àti Jóṣúà. Ní Sínáì, àwọn ọkùnrin tí wọ́n kà jẹ́ 603,550. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní àwọn á kúkú gòkè lọ jagun náà. Mósè ní kí wọ́n má lọ, wọ́n lọ, àwọn ará Ámálékì àti ará Kénáánì sì lù wọ́n dé Hómà.

Ibi tí ìwé Númérì gbé ọ̀rọ̀ Kórà sí nìyẹn, láàárín àwọn tó ti mọ̀ pé àwọn ò ní fojú kan ilẹ̀ tí àwọn tìtorí rẹ̀ kúrò ní Íjíbítì. Ẹni tó bá ti darí èèyàn rí, ì báà ṣe ẹgbẹ́ akọrin, á mọ̀ pé nírú àkókò báyẹn, gbólóhùn kan péré tó láti tú àgọ́ ká.

Kórà fúnra rẹ̀ kì í ṣe àjèjì. Ọmọ mẹ́rin ni Kóhátì ọmọ Léfì bí: Ámúrámù, Ísárì, Hébúrónì àti Úsíẹ́lì. Ámúrámù ló bí Áárónì àti Mósè, Ísárì sì ló bí Kórà. Bàbá Mósè ni ẹ̀gbọ́n bàbá Kórà, nítorí náà ìjà inú ẹbí ni. Ilé Ámúrámù ti mú ipò aṣáájú, ó ti mú ipò olórí àlùfáà. Nígbà tó kan ipò olórí ìdílé Kóhátì, bí a bá tẹ̀ lé ìtò ọjọ́ orí, ilé Ísárì ló kàn. Àmọ́ Élísáfánì, ọmọ Úsíẹ́lì tó jẹ́ àbígbẹ̀yìn, ni wọ́n fi jẹ ẹ́ (Númérì 3:30). Rashi, ọ̀mọ̀wé Júù tó gbé ní ilẹ̀ Faransé tó sì kú ní 1105, gbà á látẹnu àwọn àgbà tó ṣáájú rẹ̀ pé ibẹ̀ ni inú ti kọ́kọ́ bí Kórà. Ẹni tó bá ti rí bí ọ̀rọ̀ oyè ṣe ń pín ẹbí sí méjì nílùú rẹ̀ kò nílò àlàyé.

Àwọn Mùsùlùmí mọ ọkùnrin yìí sí Qarun. Nínú Kùránì, Súrà 28, olówó ni. Kọ́kọ́rọ́ àwọn ilé ìṣúra rẹ̀ nìkan tó láti wọ àwọn alágbára lọ́rùn. Ìwé Númérì kò sọ nǹkan kan nípa owó rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ, iṣẹ́ yìí gan-an ló sì jẹ́ kí n lóye rẹ̀ díẹ̀.

Ìdílé Kóhátì ló ń ru àwọn ohun mímọ́ jù lọ: àpótí ẹ̀rí, tábìlì, ọ̀pá fìtílà, àwọn pẹpẹ. Nígbà tí àwọn olórí kó kẹ̀kẹ́ ẹrù mẹ́fà wá, Mósè fún ìdílé Gẹ́ṣónì ní méjì, ó fún ìdílé Mérárì ní mẹ́rin, kò fún ìdílé Kóhátì ní ẹyọ kan, torí pé èjìká ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ru tiwọn. Kí wọ́n tó wọlé wá gbé ẹrù náà, Áárónì àti àwọn ọmọ rẹ̀ á ti fi aṣọ àti awọ dì í, torí bí ọmọ Kóhátì kan bá fọwọ́ kàn án, tàbí tó wò ó bí wọ́n ti ń bò ó, á kú (Númérì 4:15-20). Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Láti ibùdó dé ibùdó, nínú oòrùn, Kórà ń fi èjìká ru ohun kan tí ojú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ rí láé, ẹni tó sì láṣẹ láti rí i ni ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Mi ò sọ pé ó jàre. Ṣùgbọ́n irú Kórà báyìí pọ̀ nínú ìjọ: ẹni tó ń kó àga, tó ń gbá ilẹ̀, tó ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ gbé e bọ̀ lọ́dọọdún, tí ẹnikẹ́ni kì í bi pé kí lèrò rẹ̀. Aṣáájú tó bá dúró dìgbà tí onítọ̀hún bá kó igba ó lé àádọ́ta èèyàn wá kó tó rántí rẹ̀ ti pẹ́ jù.

Àwọn tó kó ara wọn jọ pẹ̀lú Kórà ni Dátánì àti Ábírámù, ọmọ Élíábù, láti ẹ̀yà Rúbẹ́nì. Rúbẹ́nì ni àkọ́bí Jékọ́bù, ó sì pàdánù ipò náà nítorí ó bá Bílíhà, obìnrin bàbá rẹ̀, lò pọ̀. Ẹ̀yà tó yẹ kó ṣíwájú gbogbo ẹ̀yà wá di ẹni tó ń tẹ̀ lé Júdà lójú ọ̀nà. Ìhà gúúsù àgọ́ ni wọ́n pàgọ́ sí, ìhà gúúsù kan náà ni ìdílé Kóhátì wà (Númérì 2:10, 3:29). Aládùúgbò ni wọ́n. Inú ń bí àwọn kan nítorí oyè àlùfáà, inú ń bí àwọn kejì nítorí ipò àkọ́bí, wọ́n sì ń gbọ́ ohùn ara wọn láti àgọ́ sí àgọ́ lálaalẹ́.

Ẹnì kan tún wà tí wọ́n dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́: Ónì ọmọ Pélétì. Àwọn àgbà Júù ní ìtàn kan tí wọ́n ń pa nípa rẹ̀ nínú Tálímúdù, ìwé ẹ̀kọ́ wọn, pé ìyàwó rẹ̀ ló yọ ọ́. Obìnrin náà ní bí Mósè borí, ọmọ ẹ̀yìn ni ọkọ òun. Bí Kórà náà borí, ọmọ ẹ̀yìn ni ọkọ òun. Ló bá fún un ní wáìnì mu yó, ó tẹ́ ẹ sùn, ó tú irun ara rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ẹni tó wá pe Ónì rí obìnrin tó tú irun sílẹ̀, wọ́n yí ẹ̀yìn padà, torí lójú wọn kò yẹ kí èèyàn wo irun ìyàwó ẹlòmíràn. Inú Bíbélì kọ́ ni ìtàn yìí wà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ọjọ́ kìíní

Igba ó lé àádọ́ta (250) olórí, àwọn tí orúkọ wọn ń dún nínú àjọ, ni wọ́n jọ dìde. Ohun tí wọ́n wí, ní ṣókí, ni pé: ó tó yín gẹ́ẹ́. Mímọ́ ni gbogbo ìjọ, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, Olúwa sì wà láàárín wọn. Kí ló dé tí ẹ fi ń gbé ara yín ga ju ìjọ Olúwa lọ?

Ibi tí ẹjọ́ náà ti le nìyí: òótọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní Sínáì, ẹnu Mósè kan náà ni wọ́n ti gbọ́ ọ pé ìjọba àlùfáà ni wọn, orílẹ̀-èdè mímọ́ (Ẹ́kísódù 19:6). Kórà kò pa irọ́, ọ̀rọ̀ aṣáájú rẹ̀ ló gbé padà wá fún un. Ohun tó fi pamọ́ ni ohun tó fẹ́, àfìgbà tí Mósè tú u síta: ẹ tún ń wá iṣẹ́ àlùfáà pẹ̀lú. Ẹni tó ń sọ pé gbogbo wa la dọ́gba ti ní àga kan lọ́kàn tó fẹ́ jókòó lé. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá tilẹ̀ ti ẹnu ẹni tó ní ìlara jáde, bí òótọ́ bá wà nínú rẹ̀, òótọ́ náà ṣì wà níbẹ̀, ó sì yẹ ní dídáhùn.

Kí ni Mósè ṣe? Ó dojú bolẹ̀. Jóṣúà tó ṣẹ́gun Ámálékì ní Réfídímù wà nínú àgọ́, kò ránṣẹ́ pè é. Kò ní kí wọ́n mú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìwé náà sọ pé ó dojú bolẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, ẹ̀ẹ̀méjì nínú rẹ̀ sì jẹ́ nítorí kí wọ́n má bàa pa àwọn tó ń bá a jà.

Nígbà tó dìde, ó ní ó dòwúrọ̀ ọ̀la. Mo fẹ́ràn "ọ̀la" yẹn púpọ̀. Gbogbo òru ni wọ́n ní láti fi rò ó. Kí kálukú wọn mú àwo tùràrí wá, kó fi iná sí i, kó fi tùràrí lé e, kí Áárónì náà mú tirẹ̀. Ẹni tí Olúwa bá yàn, òun ni ẹni mímọ́. Kì í ṣe ìdánwò tó fi ojú rere sí Áárónì o. Àwo tùràrí ni Nádábù àti Ábíhù, àwọn ọmọ Áárónì, gbé lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n mú iná àjèjì wá, tí iná sì jó wọn pa níwájú Olúwa (Léfítíkù 10). Nínú gbogbo àgọ́, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí àwo yẹn lè ṣe bíi bàbá àwọn ọmọ méjèèjì. Áárónì kò wí nǹkan kan. Bí ẹ bá ka orí 16 látòkè délẹ̀, ẹ kò ní rí gbólóhùn kan tí òun nìkan sọ, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń jà lé lórí.

Mósè wá kọjú sí àwọn ọmọ Léfì. Ó gba "ó tó gẹ́ẹ́" lẹ́nu wọn, ó dá a padà fún wọn. Ó bi wọ́n pé ṣé ohun kékeré ni lójú wọn pé Ọlọ́run yà wọ́n sọ́tọ̀ láti ṣiṣẹ́ àgọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ránṣẹ́ pe Dátánì àti Ábírámù. Wọ́n ní àwọn ò ní wá. Àwọn náà gba "ohun kékeré" lẹ́nu Mósè: ṣé ohun kékeré ni pé o mú wa kúrò ní ilẹ̀ tí ń ṣàn fún wàrà àti fún oyin láti pa wá nínú aginjù? Íjíbítì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ o, ibi tí wọ́n ti ń po amọ̀ tí wọ́n sì ń mọ bíríkì fún Fáráò. Wọ́n ní kò tíì mú àwọn dé ilẹ̀ kankan, kò fún àwọn ní oko, kò fún àwọn ní ọgbà àjàrà. Ṣé ó fẹ́ yọ ojú àwọn èèyàn yìí ni? Àwọn ò ní wá.

Inú bí Mósè gan-an. Bíbélì kò bò ó. Ó gbàdúrà pé kí Olúwa má ka ọrẹ wọn sí. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ló sì mú kí n kọ gbogbo èyí: òun kò gba kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan lọ́wọ́ wọn, òun kò sì pa ẹnì kan lára nínú wọn.

Ọlọ́run ló sọ ọ́ fún, kì í ṣe àwọn èèyàn. Ìyẹn ló fún un ní ìwọ̀n, torí Ẹni tí a kò lè ṣe èrú ìṣirò fún ni ó ń ṣírò rẹ̀ fún. Ẹ sì wo ohun tó kà. Kò sọ pé òun la òkun, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé òun gbààwẹ̀ ogójì ọjọ́ lórí òkè. Ẹran ìrìnnà, ohun tí olórí lè gbà lọ́wọ́ ọmọ ìlú kí ẹnikẹ́ni má sì bi í, ni ó dárúkọ. Rashi sọ nǹkan kan níbí tó dùn mọ́ mi: pé nígbà tí Mósè ń ti Mídíánì bọ̀ wá sí Íjíbítì, tó gbé ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, iṣẹ́ àwọn èèyàn yìí ló ń bọ̀ wá ṣe, ì bá sì jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ kí wọ́n san owó ẹran náà fún un. Tirẹ̀ ló gùn wá, kò sì béèrè.

Ẹ fi èyí wé arákùnrin tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bi aṣáájú ní ìṣirò, ó fi ihò ilẹ̀ dá a lóhùn. Wọn kò bi Mósè ní ìṣirò rárá, ó ṣe é.

Ọjọ́ kejì

Èyí ni apá tí gbogbo wa mọ̀, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Kórà kó gbogbo ìjọ jọ sẹ́nu ọ̀nà àgọ́ àjọ. Ọlọ́run ní kí Mósè àti Áárónì yà kúrò kí òun run gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn méjèèjì dojú bolẹ̀: ṣé kí ẹnì kan ṣẹ̀, kí ìbínú wá wà lórí gbogbo ìjọ? Mósè wá dìde, ó tọ Dátánì àti Ábírámù lọ. Àwọn tó ránṣẹ́ pè lánàá tí wọ́n kọ̀, òun ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ wọn, pẹ̀lú àwọn àgbààgbà lẹ́yìn rẹ̀. Dátánì àti Ábírámù jáde. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà àgọ́ wọn pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ wẹ́wẹ́ wọn.

Ilẹ̀ lanu. Iná jáde, ó jó àwọn 250 tó mú tùràrí wá.

Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn máa ń ni mí lára nígbàkigbà tí mo bá kà á, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń fi ìtàn yìí rẹ́rìn-ín lórí pẹpẹ, bóyá wọn kò ka ẹsẹ 27.

Lẹ́yìn iná náà, wọ́n ní kí Élíásárì ọmọ Áárónì ṣa àwọn àwo idẹ náà láti àárín ẹérú. Wọn kò jù wọ́n nù. Wọ́n lù wọ́n di pẹlẹbẹ, wọ́n fi bo pẹpẹ. Nítorí náà, gbogbo ẹni tó bá mú ẹbọ wá láti ọjọ́ yẹn lọ, àwo àwọn tó kú ni ojú rẹ̀ ń wò.

Ọjọ́ kẹta

Ilẹ̀ mọ́. Bí ìbẹ̀rù bá lè pa ẹnu ìlú dé, òwúrọ̀ yẹn ló yẹ kó dé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé gbogbo ìjọ dìde sí Mósè àti Áárónì: ẹ̀yin lẹ pa àwọn èèyàn Olúwa.

Ọjọ́ kan ṣoṣo. Ojú wọn ló ṣe é, wọ́n gbọ́ igbe àwọn tí ilẹ̀ gbé mì, wọ́n sá lọ tí wọ́n ń pariwo kó má bàa gbé àwọn náà, síbẹ̀ kí oúnjẹ àárọ̀ tó délẹ̀ ni wọ́n ti ń kùn. Èyí ni àwọn tó ń fi Kórà halẹ̀ kò rí. Bí ilẹ̀ tó lanu níti gidi kò bá lè pa ẹnu ìkùnsínú dé ju òru kan lọ, kí ni ìhàlẹ̀ orí pẹpẹ lásán fẹ́ ṣe?

Ìkùukùu bo àgọ́. Àrùn bẹ̀rẹ̀. Mósè dojú bolẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ó wá ní kí Áárónì gbé àwo tùràrí, kó fi iná orí pẹpẹ sí i, kó yára lọ sáàárín ìjọ lọ ṣe ètùtù. Àbúrò rán ẹ̀gbọ́n níṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n sì sáré.

Ọmọ ọdún 83 ni Áárónì nígbà tó dúró níwájú Fáráò (Ẹ́kísódù 7:7), ó sì ti ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí. Àwọn àgbà wa ní àgbàlagbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ní ń lé e. Àgbàlagbà yìí kò lé nǹkan kan, nǹkan kan kò sì lé e. Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń sá kúrò ló ń sá lọ. Òun ni olórí àlùfáà, oyè tí wọ́n ń bá a dù. Òfin sì ti kọ̀ ọ́ fún olórí àlùfáà láti sún mọ́ òkú kankan, ì báà jẹ́ ti bàbá tàbí ti ìyá rẹ̀ (Léfítíkù 21:11). Ó dúró láàárín òkú àti alààyè.

Àwo tùràrí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lánàá, 250 ọkùnrin gbé irú rẹ̀ kí wọ́n lè fi mọ ẹni tó ga jù, iná sì jó wọn. Lónìí, ẹnì kan gbé e kó lè gba àwọn tó ní òun jẹ́ apànìyàn là, àrùn náà sì dúró níbi tó dúró sí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ẹni tí Ọlọ́run yàn nínú ìtàn yìí, àárọ̀ ọjọ́ yìí ni màá tọ́ka sí, n kò ní tọ́ka sí ihò ilẹ̀.

Àwọn tó ti kú kí ó tó dé ibẹ̀ jẹ́ 14,700, yàtọ̀ sí àwọn tó kú nítorí ọ̀rọ̀ Kórà. Kò sí olórí tó lè fi irú iye bẹ́ẹ̀ yangàn. Áárónì padà tọ Mósè lọ sẹ́nu ọ̀nà àgọ́, ìwé náà kò sì sọ pé ó wí ohunkóhun.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀

Ohun tó wá parí awuyewuye náà kì í ṣe ikú mìíràn. Ọ̀pá méjìlá ni wọ́n kó jọ, ọ̀kan fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ orúkọ sí i, wọ́n kọ orúkọ Áárónì sí ti Léfì, wọ́n sì tò wọ́n síwájú àpótí ẹ̀rí mọ́jú. Ní òwúrọ̀, ọ̀pá Áárónì ti rúwé, ó ti yọ ìtànná, ó ti so èso álímọ́ńdì. Mósè kó gbogbo ọ̀pá náà jáde fún ìlú láti wò, kálukú sì mú tirẹ̀ padà. Wọn kò ṣẹ́ ọ̀pá ẹnikẹ́ni.

Orí 18 ló wá sọ ohun tí oyè náà jẹ́ gan-an, n kò sì mọ̀ bóyá Kórà ì bá ṣì fẹ́ ẹ bó bá gbọ́ ọ. Áárónì àti ilé rẹ̀ ni yóò máa ru ẹ̀bi ohunkóhun tó bá bàjẹ́ nínú ibi mímọ́. Wọn kò ní ní ilẹ̀ kankan nílẹ̀ ìlérí. Àwọn ọmọ Léfì á máa gba ìdámẹ́wàá Ísírẹ́lì, ṣùgbọ́n àwọn náà gbọ́dọ̀ yọ ìdámẹ́wàá lára rẹ̀ fún Olúwa. (Àwọn tó mọ Málákì orí 3 lórí kì í sábà mọ Númérì 18:26.)

Mi ò ní kí ẹ rò pé Mósè kò ní àbùkù. Ní Mérìbà, lẹ́yìn tí Míríámù kú, tí omi sì tán, ó tún dojú bolẹ̀ bó ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n bó ti dìde, ó pe àwọn èèyàn ní ọlọ̀tẹ̀, ó lu àpáta tí wọ́n ní kó bá sọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì. Omi jáde, ìlú mu, ẹran mu, òun kò sì dé Kénáánì. Ẹni tó fara da 250 olórí ni ọ̀rọ̀ omi mú bínú.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti ilé Kórà. Gbólóhùn kékeré kan wà nínú Númérì 26:11 tí èèyàn lè kà kọjá: àwọn ọmọ Kórà kò kú. Orúkọ wọn wà lórí Sáàmù mọ́kànlá, títí kan èyí tí gbogbo wa mọ̀, ti àgbọ̀nrín tí ń mí hẹlẹ nítorí omi. Ọmọ àwọn tó gbé nínú aginjù ló mọ irú òùngbẹ yẹn. Nígbà tí ìwé Kíróníkà Kìíní sì ń ka iṣẹ́ àwọn ọmọ Léfì, ìdílé Kórà ni wọ́n fi ṣọ́ ìloro àgọ́, ìyẹn ni pé wọ́n jẹ́ adènà. Àwọn ni wọ́n ni Sáàmù 84, níbi tí olórin ti ní ó wu òun kí òun jẹ́ adènà nílé Ọlọ́run òun ju kí òun máa gbé inú àgọ́ ìwà búburú lọ. Bàbá wọn kú nítorí kí ó lè wọlé. Àwọn ọmọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń kọrin.

Ìwé Kíróníkà yìí kan náà, orí 6, to ìran Hémánì akọrin: ọmọ Jóẹ́lì, ọmọ Sámúẹ́lì, ó sì ń bá a lọ láti bàbá dé bàbá títí ó fi kan Kórà, ọmọ Ísárì, ọmọ Kóhátì. Ọmọ ilé Kórà ni Sámúẹ́lì wòlíì.

Nígbà tí Sámúẹ́lì darúgbó, tí wọ́n ti fi Sọ́ọ̀lù jọba, ó pe gbogbo Ísírẹ́lì jọ sí Gílígálì. Kì í ṣe pé ilé rẹ̀ mọ́ tónítóní. Àwọn ọmọ tó fi ṣe onídàájọ́ ní Béáṣébà ti gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, gbogbo ìlú ló sì mọ̀. Ó dúró síwájú wọn pẹ̀lú ewú lórí, ó ní kí wọ́n jẹ́rìí lòdì sí òun níwájú Olúwa àti níwájú ọba. Màlúù ta ni òun gbà? Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ta ni òun gbà? Ta ni òun rẹ́ jẹ? Ọwọ́ ta ni òun ti gba rìbá? Kí wọ́n wí, òun á san án padà.

Wọ́n ní kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.